Ṣakabùlà bàbá àgbà ti dípẹtà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó fọwọ́ kàn án

Àrẹ̀mú_Èrúwà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá mi. Nígbà tí à ń tún òrùlé ilé wọn ṣe ní Èrúwà, a bá ṣakabùlà wọn lókè àjà, aṣọ òfì ni wọ́n fi wé e. Ó gùn débi pé bí mo bá gbé e nàró, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Irin rẹ̀ ti dípẹtà láti òkè délẹ̀. Òòlù rẹ̀ ti gan, kò lọ, kò bọ̀. Igi rẹ̀ sán lápá kan, kòkòrò sì ti jẹ ìdí rẹ̀. Nǹkan dúdú kan gbẹ mọ́ ara igi náà, ìyẹ́ adìẹ wà nínú rẹ̀. Àwọn àmì wínníwínní kan tún wà lára irin, n kò lè kà wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní kí n gbé e fún wẹ́dà, kó fi ẹ̀rọ ha gbogbo rẹ̀ títí yóò fi máa dán, ká wá fi fáníìṣì kùn ún, ká gbé e kọ́ sí pálọ̀. Àbúrò mi ní London ní òun ló yẹ kí n fi ránṣẹ́ sí. N kò fẹ́ yìn ín o. Kó má ṣáà bàjẹ́ ju bó ṣe wà yìí lọ ni mo ń wá. Ibo ni kí n ti mú un?

Ọdẹ_Ṣakí

Àrẹ̀mú ọmọ ọdẹ, o kú ogún o. Má tíì dá ọ̀rọ̀ fáníìṣì sílẹ̀. Ṣé o ti wò ó bóyá ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa kì í tú ìbọn tí wọ́n bá ti kì. Wọ́n á gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀, torí ẹran kì í dájọ́ kó tó yọ. Ikú wá ń dé bá wọn, ìbọn á wà lókè àjà pẹ̀lú ohun tó wà níkùn rẹ̀. Ẹ̀tù dúdú tí omi ò kàn kì í sùn. Ó lè pé ọgọ́rùn-ún ọdún lókè yẹn, bí iná bá ti kan án, á dáhùn.

Bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Wá ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó tọ́, má lo irin. Dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, má jẹ́ kí ẹnu ìbọn kọjú sí ọ tàbí sí ẹnikẹ́ni. Ti igi náà wọlé jẹ́jẹ́ títí tí yóò fi kan nǹkan. Fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára igi níbi tó ti bá ẹnu ìbọn dọ́gba, kí o fà á yọ, kí o tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ìbọn níta, kí àmì náà wà lọ́gangan ẹnu ìbọn. Bí orí igi bá dé ibi ojú iná, ìyẹn ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé bá ẹ̀tù ní ìdí ọ̀pá, inú ìbọn ṣófo. Bí kò bá dé ibẹ̀, nǹkan wà nínú rẹ̀. Títí o ó fi mọ̀ ọ́n, má ṣe fa òòlù yẹn, má fi ojú wo ẹnu ìbọn, má sì fẹnu fẹ́ ojú iná rẹ̀.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Bàbá ti sọ gbogbo rẹ̀. Kí n kàn fi ti wẹ́dà kún un. Àgùntàn tó bá bá ajá rìn la ń wí, ṣùgbọ́n ìbọn tó bá bá wẹ́dà rìn burú jù ú lọ. Iná wẹ́dà lára irin tí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀, àbí ẹ̀rọ tó ń ta ẹta iná, kò sí ẹni tó máa wà níbẹ̀ láti ròyìn rẹ̀ fún wa. Ká tilẹ̀ ní inú rẹ̀ ṣófo, ibi tí wọ́n bá fi iná kàn lára ọ̀pá àtijọ́ ti rọ̀ nìyẹn, kò sí bí a ṣe lè dá agbára rẹ̀ padà.

Àrẹ̀mú_Èrúwà

Ẹ̀yin bàbá mi, mo ti ṣe é bí ẹ ṣe wí. Igi náà kù ní ìbú ọwọ́ kan gbáko kó tó dé ibi ojú iná. Ìyàwó mi ti kó àwọn ọmọ lọ sílé ìyá rẹ̀. Mo tẹ́ ìbọn náà sí gáréèjì, mo kọ ẹnu rẹ̀ sí ògiri bíríkì. Kí ló kàn?

Ọdẹ_Ṣakí

O ṣe é dáadáa. Omi ló kàn. Gbé e nàró, kí ẹnu rẹ̀ wà lókè, kí orí rẹ sì jìnnà sí i. Da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú rẹ̀ kó kún, kí o tún ro díẹ̀ sí ojú iná níta. Bó bá ń fà á mu, máa fi kún un. Jẹ́ kó sùn sínú omi. Ẹ̀tù tó ti rin gbingbin kì í gbaná.

Ṣùgbọ́n má rò pé ó ti parí o. Bí o bá jẹ́ kó gbẹ padà sínú ibẹ̀, ó tún lè gbaná. Nígbà tó bá ṣì tutù ni kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe fa ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Àwa ọdẹ ní igi ìkìbọn tí irin tó lọ́ po wà lórí rẹ̀, òun la fi ń yí i mú. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí kò ṣe é rí. Má fi dírílì gbẹ́ ẹ, má fi iná yá a, má sì gbìyànjú àtitú ìdí ọ̀pá náà. Wá àgbà ọdẹ kan ní Èrúwà, bàbá rẹ ò lè ṣe aláìní ẹgbẹ́ níbẹ̀.

Ọlọ́pàá_Tó_Fẹ̀yìntì

Ẹ má jẹ́ ká gbàgbé òfin. Òfin ìbọn ti 1959 ni à ń lò ní Nàìjíríà. Ó ka ṣakabùlà àti gbogbo ìbọn tí wọ́n ń kì láti ẹnu mọ́ ohun ìjà tó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Pé ẹ jogún rẹ̀ kò sọ pé ẹ ní ìwé àṣẹ. Kò sì sí ohun tó ń jẹ́ “ó ti gbó, kò ka òfin”.

Ẹ má gbé e gun ọ̀kadà lọ sí tẹ́ṣàn o! Ọ̀pọ̀ ń rò pé ìwà ọmọlúàbí ni láti gbé ìbọn lọ fi han ọlọ́pàá, wọ́n á wá kó sọ́wọ́ àwọn tó wà lójú títì kí wọ́n tó dé ọ̀hún. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí DPO, ẹ sọ bí ẹ ṣe rí i, kí àgbà ẹbí kan àti olórí ọdẹ àdúgbò fọwọ́ sí i. Ẹ fi ìwé náà lọ, kí ìbọn wà nílé. Wọn yóò sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ẹ ṣe é. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé tí wọ́n bá fi òǹtẹ̀ lù, ẹ tọ́jú rẹ̀.

Sísí_Birmingham

Ẹ káàsán o. Àwọn àmì wínníwínní yẹn ló mú mi wọlé. Bùrọ̀dá Àrẹ̀mú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya fọ́tò wọn kí ẹnikẹ́ni tó fi nǹkan kan nù wọ́n. Ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má tan án láti iwájú, òjìji yóò gbé àmì náà jáde.

Ohun tí ẹ máa wá nìyí. Bí ẹ bá rí ọ̀pá àṣẹ méjì tó dábùú ara wọn, tí adé wà lókè wọn, tí lẹ́tà B, P, C wà láàárín, Birmingham níbí ni wọ́n ti dán ọ̀pá ìbọn náà wò. Ọdún 1813 ni wọ́n dá ilé ìdánwò ìbọn sílẹ̀ níbí, àmì yẹn sì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di 1904. Ilé náà ṣì wà ní Banbury Street, wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ adé lórí G àti P tó lọ́ mọ́ra, London nìyẹn. Bó bá jẹ́ òbírí gígùn bí ẹyin tí ELG wà nínú rẹ̀, Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ni, bí adé bá sì wà lórí òbírí náà, kò lè ṣáájú 1893.

Bí ẹ bá rí TOWER lára àwo ẹ̀rọ, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí òòlù wà lára rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tàn yín pé ìbọn ọmọ ogun ọba ni. Àwọn oníṣòwò náà ń fín in sára ọjà wọn torí pé àwọn oníbàárà gba orúkọ náà gbọ́. Àwọn tó ń ta ìbọn àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì fẹ́ràn irọ́ yìí púpọ̀.

Àrẹ̀mú_Èrúwà

Sísí, ọ̀pá méjì tó dábùú ara wọn ni! Adé wà lókè. Mo rí B, mo sì rí ohun tó jọ C. Ìyẹn ni pé ìgbà òwò ẹrú ni wọ́n ti gbé e wá?

Sísí_Birmingham

Ó ṣòro. Wọ́n fi ìbọn Birmingham ra èèyàn lóòótọ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀, ojú ń ti ìlú yìí láti máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n òwò ẹrú ti di èèwọ̀ fún ọkọ̀ òkun Gẹ̀ẹ́sì láti 1807, àmì yìí ò sì sí ṣáájú 1813. Epo pupa àti ekùrọ́ ló ṣeé ṣe jù pé wọ́n fi rà á ní Èkó tàbí Badagry.

Tíṣà_Ìtàn

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu bọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ yóò béèrè pé kí ló dé tí àwọn baba wa ṣì ń lo ìbọn olókùúta, èyí tí òkúta ẹnu òòlù ń ṣá iná sí ẹ̀tù rẹ̀, nígbà tí aráyé ti ń lo ìbọn oníkátíríìjì. Kì í ṣe pé wọn ò mọ èyí tó dáa o. Nínú ogun Kírìjì, 1877 sí 1893, àwọn Èkìtì Parapọ̀ ra ìbọn Snider tí wọ́n ń kì láti ìdí, ojú Ìbàdàn sì rí màbo. Kí ogun náà tó parí ni àwọn òyìnbó péjọ sí Brussels ní 1890, wọ́n fọwọ́ sí ìwé kan tó ka títa ìbọn tuntun sí èèwọ̀ ní apá tó pọ̀ jù ní Áfíríkà. Èyí tí wọ́n yọ̀ǹda ni ìbọn olókùúta tí inú rẹ̀ ń dán, tí kò ní ìlà, àti ẹ̀tù ọjà lásán. Wọ́n ní òwò ẹrú ni àwọn ń dènà. Ó ṣe kòńgẹ́ pé àkókò yẹn gan-an ni wọ́n ń pín ilẹ̀ wa.

Nítorí náà, ìbọn tó wà lọ́wọ́ Àrẹ̀mú lè jẹ́ ti 1840, ó sì lè jẹ́ ti 1900, ìrísí wọn ò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Adénìkẹ́_Músíọ́mù

Iṣẹ́ mi ni títọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, mo sì ti ń retí kí ẹnìkan béèrè nǹkan dúdú tó ní ìyẹ́ adìẹ yẹn. Bùrọ̀dá Àrẹ̀mú, ẹ má fọ̀ ọ́ kúrò! Ẹ̀jẹ̀ àti epo tí wọ́n fi bọ Ògún ni. Ẹ̀gbọ́n yín rí ìdọ̀tí, èmi rí àkọsílẹ̀ ìgbésí ayé bàbá yín. Àwọn olówó ìbọn ní òkè òkun ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbọn Birmingham tó ń dán. Èyí tó jẹ́ ti Ògún lọ́dọ̀ ọdẹ Ìbàràpá, ẹ̀yin nìkan lẹ ní in. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku orí rẹ̀, kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó má kan omi tí ẹ ń dà sínú ọ̀pá o, ẹ fi ọ̀rá wé igi kí ẹ tó dà á.

Ní ti ìpẹtà, oríṣi méjì ló wà. Èyí tó dúdú tàbí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó le, tí kò kúrò bí ẹ bá fi ìka pa á, kò ṣe irin ní ibi kan, kódà ó ń bò ó láṣìírí. Ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó pọ́n fòò, tó ń hó bí ìyẹ̀fun tó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, òun ló ṣì ń jẹ irin. Òun nìkan ni ẹ máa bá jà. Ẹ fi epo máṣíìnì ìránṣọ pa á, ẹ jẹ́ kó mu ún dáadáa, kí ẹ wá fi steel wool 0000 tó kúná jù lọ rọra fi epo kan náà nù ún. Ẹ dúró níbi tí irin bá ti di àwọ̀ ilẹ̀. Ẹ má wá irin funfun. Sáńpépà, ásíìdì bátìrì, ọsàn wẹ́wẹ́, kókà, gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe lórí YouTube yẹn, ẹ kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ẹ bá ha àmì ilé ìdánwò yẹn kúrò, ẹ ti pa orúkọ ìbọn náà rẹ́.

Lẹ́yìn tó bá ti gbẹ, ìda ló kàn. Ọ̀pọ̀ músíọ́mù ń lo Renaissance Wax, èyí tí wọ́n ṣe ní British Museum ní àwọn ọdún 1950 nígbà tí wọ́n rí i pé ìda àdáyébá máa ń kan bó bá pẹ́. Ẹ fi díẹ̀ pa irin, ẹ fi aṣọ òwú nù ún. Láti ìgbà náà lọ, ẹ máa fi ìbọ̀wọ́ dì í mú, òógùn àtẹ́lẹwọ́ ní iyọ̀, ẹ ó rí ojú ìka yín lára irin nígbà òjò.

Ọdẹ_Ṣakí

Ìyá Músíọ́mù, ẹ ṣeun. Àdí ni àwa ń fi pa tiwa o, ó sì pé wa.

Adénìkẹ́_Músíọ́mù

Bàbá, àdí dáa fún ìbọn tó ń lọ sí igbó lójoojúmọ́, tí ẹ ń nù tí ẹ tún ń pa. Èyí tó máa wà lára ògiri fún ogún ọdún, òróró jíjẹ yóò gbẹ mọ́ ọn bíi gọ́ọ̀mù, á kan, á sì gbé eruku. Epo pupa ló tún burú jù, ìkan rẹ̀ ń jẹ irin.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Ẹ gbọ́, gbogbo ohun tí ẹ̀ ń wí yìí dára, ṣùgbọ́n ìbọn tí òòlù rẹ̀ ò ṣí ni! Ẹ jẹ́ kó tú u, kó gbé igi apá tuntun fún un, ká rọ sípíríǹgì tuntun, kó padà di ìbọn. Bàbá mi ṣe bẹ́ẹ̀ fún idà àti ìbọn láìmọye, àwọn tó ni ín ń dúpẹ́. Kí ni ìwúlò ìbọn tó kú?

Adénìkẹ́_Músíọ́mù

Ó ní òun ò fẹ́ yìn ín, ẹ̀gbọ́n. Ìgbà tí a bá fi igi tuntun sí i, irin tuntun sí i, ìbọn tiyín ló dà, kì í ṣe ti bàbá rẹ̀ mọ́.

Akin_PA

Ẹ jẹ́ kí n là yín, torí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo fi wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti dé Lancaster ní Pennsylvania ni ìbọn kíkì ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀. Agbègbè yìí ni àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn tó wá láti Jámánì ní àwọn ọdún 1700 gbé sọ ìbọn kúkúrú ilé wọn di gígùn. Inú ọ̀pá rẹ̀ ní ìlà tó ń yí po. Wọ́n ń fi aṣọ olóróró wé ọta òjé róbótó, ìlà inú á mú aṣọ, aṣọ á yí ọta, ọta á sì lọ tààrà. Ìjọba ìpínlẹ̀ yìí ní àkókò kan lẹ́yìn Kérésìmesì tí ìbọn olókùúta nìkan ni wọ́n gbà kí ọdẹ àgbọ̀nrín gbé, láti 1974. Ẹ wá wo àwọn òyìnbó nínú yìnyín tí wọ́n ń fi ọwọ́ bo àwo ẹ̀tù kó má baà tutù, ẹ ó rò pé Ṣakí lẹ wà.

Òfin tí mo mú fún ara mi ni pé, èyí tó ti gbó, mo ń tọ́jú rẹ̀. Bí ọwọ́ bá ń yún mi láti gbẹ́ igi, mo máa ń ra tuntun tí kò tíì parí, mo sì ń parí rẹ̀ fúnra mi. Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ, irú èyí ló yẹ ọwọ́ yín bí ẹ bá wá síbí, àwọn èèyàn máa ń san owó gidi fún ọwọ́ bíi tiyín.

Fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe é ní Amẹ́ríkà: ẹ̀rọ òòlù ni kí owó yín lọ sí. Igi tí kò dáa ṣeé tún gbẹ́, ẹ̀rọ tí kò dáa yóò máa kọ̀ títí ayé. Ọ̀pá gbọ́dọ̀ jẹ́ ti oníṣẹ́ tó ní orúkọ. Ọ̀pá àti ìdí rẹ̀ ni ẹ máa kọ́kọ́ tẹ́ sínú igi, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ, kí àwo ẹ̀tù lè bá ibi tí ojú iná máa wà dọ́gba, okùnfà, ibi tí ìka ń fà láti yìn ín, ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ ṣáájú ọ̀pá yóò sunkún. Fún igi maple, wọ́n ń fi ásíìdì tí irin ti yọ́ sínú rẹ̀ pa á, wọ́n á yá iná sí i lókèèrè, ìlà inú igi á jáde bí ara ẹkùn. Èyí tó máa ń pa ìyàwó mi lẹ́rìn-ín ni pé lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, èmi fúnra mi ni mo ń fi ọ̀pá náà sínú àpótí ọ̀rinrin kó lè dípẹtà! Àwọ̀ ilẹ̀ tí ẹ̀ ń rí lára ìbọn àtijọ́ Amẹ́ríkà, ìpẹtà tí wọ́n dá dúró ni.

Òfin ìjọba àpapọ̀ níbí, ti 1968, kò ka ìbọn tí wọ́n ṣe títí di 1898 mọ́ ìbọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀dà tuntun tó ń gba ẹ̀tù dúdú láti ẹnu. Àmọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ẹ béèrè. Ẹni tó bá fẹ́ mọ àwọn tó ń ṣe é, National Muzzle Loading Rifle Association ti wà láti 1933, Friendship ní Indiana ni ibùdó wọn.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Ọ̀gbẹ́ni Akin, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ti ọ̀pá tí ẹ sọ yẹn, ẹ jẹ́ kí n la ẹnu sí i fún àwọn ará ilé. Páìpù omi ni púpọ̀ nínú ṣakabùlà tuntun tí ẹ̀ ń rí lóko báyìí. Wọ́n jó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀ ní ilé iṣẹ́ ni, omi ni wọ́n ṣe é fún. Mo mọ ọkùnrin kan tí ìka mẹ́ta kù lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Èyí tó tún burú ni àwọn tó ń já kátíríìjì, tí wọ́n ń da ẹ̀tù inú rẹ̀ sínú ṣakabùlà. Ẹ̀tù yẹn kì í ṣe ẹ̀tù dúdú, agbára rẹ̀ kọjá ohun tí ìbọn kíkì kankan lè gbà, ì báà jẹ́ ti Birmingham ì báà jẹ́ ti Lancaster. Yóò fọ́ ni. Ẹ bá mi sọ ọ́ létí àwọn ọmọ ọdẹ.

Sípíríǹgì tí mo sọ, mo fà á sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Àrẹ̀mú, bí o bá fẹ́ kí òòlù náà tú, lẹ́yìn tí inú ìbọn bá ti ṣófo, ro epo díẹ̀díẹ̀ sí ìdí rẹ̀ lójoojúmọ́, kí o fi sùúrù sí i. Má fi agbára fà á. Bó bá tú, má jẹ́ kó já lu òfìfo, sípíríǹgì àtijọ́ á kán. Sukudiráfà tó bá ojú ìdè mu rẹ́gí ni kí o lò. Bó bá tinrin jù, yóò jẹ orí ìdè náà, gbogbo ẹni tó bá sì wò ó lẹ́yìn náà yóò mọ̀ pé ọwọ́ àìmọ̀ ti kàn án.

Sísí_Birmingham

Òkúta wà ní ẹnu òòlù yẹn, bùrọ̀dá? Bó bá wà, ẹ má sọ ọ́ nù. Bó bá dúdú, ó lè jẹ́ ti Brandon ní Suffolk. Àwọn tó ń la òkúta ìbọn níbẹ̀ ń ta á sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà títí wọ inú àwọn ọdún 1900, nígbà tí ọmọ ogun kankan ní Yúróòpù ò lò ó mọ́. Àwa la bọ́ wọn.

Àrẹ̀mú_Èrúwà

Ó wà, ó sì dúdú. Awọ ni wọ́n fi wé e. Ti kòkòrò inú igi ńkọ́, Ìyá Músíọ́mù? Àti ti àbúrò mi ní London.

Adénìkẹ́_Músíọ́mù

Ẹ tẹ́ ẹ sórí ìwé funfun fún ìgbà díẹ̀. Bí ìyẹ̀fun igi tuntun bá ń bọ́ sórí ìwé, kòkòrò ṣì wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sí, wọ́n ti lọ tipẹ́, ẹ má da oògùn kankan sí i. Ibi tó ti di ẹlẹgẹ́, a máa ń fi oje kan tó ń jẹ́ Paraloid B-72 mu ún kó le. Èyí ẹ gbé e wá bá oníṣẹ́, ẹ má fi gọ́ọ̀mù dí i. Fáníìṣì, rárá. Bí igi bá gbẹ jù nígbà ọyẹ́, linseed oil ṣín-ún lórí aṣọ tó, níbi tí ẹbọ ò bá sí. Ẹ tẹ́ aṣọ náà síta kó gbẹ, ẹ má kó o jọ. Aṣọ tó ní òróró yẹn lára máa ń gbóná fúnra rẹ̀, ó sì lè gbiná láìsí ìṣáná.

Ẹ má tọ́jú ìbọn sínú àpò awọ, awọ ń fa omi. Ẹ má sì wé e sínú ọ̀rá ní òjò. Ara ògiri inú ilé, tí kì í ṣe ògiri ìta, tí oòrùn ò dé, tó ga kọjá ọwọ́ ọmọdé.

Ní ti London, ẹ ní sùúrù. Òfin àjọ músíọ́mù wa, ti 1979, kò gba kí èèyàn kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde láìgba ìwé àṣẹ. Ohun ọwọ́ ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 wà nínú rẹ̀, ohun tí wọ́n ti lò fún ètùtù ìbílẹ̀ tó sì ní ìtàn lára náà wà nínú rẹ̀. Ìbọn Birmingham ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ Ògún wà lára rẹ̀. Ẹ lọ bá àjọ náà kí ẹ tó dé ọ́fíìsì ọkọ̀ òfuurufú.

Sísí_Birmingham

Níbí náà, ìbọn kíkì àtijọ́ tí wọ́n gbé kọ́ ògiri fún ẹwà kò gba ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àbúrò yín bá ní òun fẹ́ yìn ín, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ẹ̀tù dúdú nìkan gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Èmi ní kó wá wò ó ní Èrúwà ní Kérésì.

Ọdẹ_Ṣakí

Kó wá sílé. Ìbọn bàbá kì í gbé ìlú òyìnbó.

Àrẹ̀mú_Èrúwà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. DPO ti gba ìwé wa, ó sì rán ẹnìkan wá. Olórí ọdẹ Èrúwà tú ìbọn náà lójú rẹ̀, nínú omi. Ẹ̀tù tó ti di ẹrẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde lójú iná, lẹ́yìn náà ìhá tí wọ́n fi dí ẹ̀tù mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ègé òjé mẹ́rin àti irin kékeré kan tó jọ orí ìṣó. Ìhá tún wà lẹ́yìn wọn. Bàbá náà wo bí wọ́n ṣe dì í, ó ní ẹfọ̀n ni wọ́n kì í dè. A ti nu inú rẹ̀ gbẹ, a sì ti fi epo sí i. Ẹ̀gbọ́n mi tó ní kí n gbé e fún wẹ́dà ti ń sọ fún gbogbo ẹbí pé òun lòun ní kí n má gbé e lọ.

Mo fẹ́ fi òjé náà sínú àpótí igi kékeré kan lábẹ́ ìbọn. Ìyẹ̀fun funfun kan wà lára wọn, ṣé kí n fọ̀ ọ́?

Adénìkẹ́_Músíọ́mù

Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì fi ọwọ́ lásán gbé e mọ́. Òjé tó ti jẹra ni ìyẹ̀fun yẹn, májèlé ni. Ẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa, kí bàbá olórí ọdẹ náà fọ tiwọn kí wọ́n tó fọwọ́ kan obì. Àpótí igi ò dáa fún un, èémí tó ń jáde lára igi ló máa ń jẹ òjé. Ìgò kékeré tó ní ìdérí ni kí ẹ fi sí. Ìhá yẹn náà, ẹ sá a níbòòji, ẹ fi sínú ìgò tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tó jáde àti orúkọ ẹni tó yọ ọ́ sára rẹ̀.